Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Ahoro Àwọn Baba Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti iye tí a ń ra kòkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọ̀nà tí ó bàjẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì tó ọ̀rọ̀ í sọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Kì í ṣe ti ilẹ̀ tí a ń jà sí ní kóòtù, bí kò ṣe ti ohun tí ń bẹ nínú ilẹ̀ náà, àti ti àwọn tí ó yẹ kí a kọ́ ní iṣẹ́ kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, a lọ sí ìlú kan tí kò jìnnà sí ojú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé, nítorí ìsìnkú ìyá àna wa. A kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ará ibẹ̀ nìkan ni ó jẹ̀bi. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, a rìn lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ọkùnrin kan ti ń kọ́ ìsọ̀ mẹ́fà lójú kan náà. Àwọn bíríkìlà ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́wọ́. Bí díígà wọn ti ń lọ sísàlẹ̀, ó kan ohun kan. Wọ́n fi ọwọ́ ro erùpẹ̀ kúrò, wọ́n sì rí ẹnu ìkòkò ńlá kan tí a fi ìkòkò kékeré dé lórí. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni eérú wà, àti èédú, àti ìdàrọ́ irin tí ó wúwo bí òkúta. Kí àwa tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọkùnrin kan ti gbé ṣọ́bìrì sókè, ó sì ti fọ́ ìkòkò náà yángá-yángá. Wọ́n tú u wò. Erùpẹ̀ ni ó kún inú rẹ̀.

A bi ọmọ náà léèrè pé kí ni ó dé tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá, a rò pé owó ni.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àwa pàápàá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti da àpáàdì, èédú àti ìdàrọ́ náà mọ́ òkúta, wọ́n ti dà á sí ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀, sìmẹ́ǹtì sì ti bò ó mọ́lẹ̀.

Bàbá arúgbó kan jókòó lábẹ́ igi ọsàn ní òdì kejì, ó ń wò wọ́n. Ó pè wá, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé o rí ibi tí wọ́n ń kọ́lé sí yẹn? Ibẹ̀ gan-an ni ìlú wà kí ogun Tápà tó lé wa gun orí òkè. Bàbá bàbá mi ni ó fi han bàbá mi.” A dọ̀bálẹ̀ kí i, a sì ní, “Bàbá, kí ni ó dé tí ẹ kò fi sọ fún wọn?” Ó wò wá títí, ó ní, “Ta ni ó bi mí?”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn wa.

Ó lè yà ẹlòmíràn lẹ́nu pé a ń tìtorí ìkòkò erùpẹ̀ kọ ìwé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé. Ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ wíwalẹ̀ wádìí ohun àtijọ́ kì í kọ́kọ́ wo ìkòkò; ibi tí ìkòkò wà ni ó máa ń wò. Yóò wọn bí ó ti jìn sí ilẹ̀ tó, yóò wo irú erùpẹ̀ tí ó wà lókè rẹ̀ àti irú èyí tí ó wà nísàlẹ̀, yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú èédú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sínú ohun mímọ́. Igi tí ó wà láàyè ń gba oríṣi kábọ́nù kan láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà tí igi bá kú, kábọ́nù náà a máa dín kù díẹ̀díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ a ti lọ. Láti ara èyí tí ó kù ni àwọn onímọ̀ fi ń ka ọjọ́ orí èédú. Nítorí náà, ẹ̀kúnwọ́ èédú tí wọ́n dà mọ́ òkúta ìpìlẹ̀ yẹn ni ó lè sọ fún wa ìgbà tí àwọn ènìyàn ń rọ irin níbẹ̀, ìdàrọ́ sì lè sọ bí wọ́n ti ń ṣe é. A kò lè rí i mọ́. Bí a bá tilẹ̀ wó ìsọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí a sì kó àpáàdì náà jáde, kò ní lè sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, nítorí a ti ṣí i kúrò ní ipò rẹ̀.

Ẹ wo Ihò Eléérú tí ó wà lẹ́bàá Ìṣàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ walẹ̀ nínú ihò àpáta náà, wọ́n sì bá egungun ènìyàn kan tí a sin síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ òkúta. Èédú tí wọ́n rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí 11,000 ọdún tí òkú náà ti wà níbẹ̀. Ó wà nínú àwọn egungun ènìyàn tí ó pẹ́ jùlọ tí a tíì rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2011, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ mìíràn tún agbárí náà yẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìrísí rẹ̀ kò bá ti àwa ènìyàn òde òní mu tán, pé ó ní àwọn àmì tí ó jọ ti àwọn ẹni tí ó ti gbé ayé ṣáájú rẹ̀ jìnnàjìnnà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí jẹ́ fún gbogbo ayé, kì í ṣe fún Yorùbá nìkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àgbẹ̀ kan tí ń wá ibi tí yóò sá òjò sí ni ó hú egungun náà jáde, tí ó sì sọ ọ́ sígbó nítorí ìbẹ̀rù, kò sí ẹni tí ìbá mọ ohunkóhun. Ọwọ́ tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìtàn Ifẹ̀ tilẹ̀ súnmọ́ ti ìkòkò wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1938, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni, wọ́n kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí a ti kọ́ ní ohun tí ó yẹ kí a ṣe ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, díẹ̀ nínú orí náà ti bọ́ sí ọwọ́ àjèjì. William Bascom, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, mú méjì lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì dá wọn padà ní ọdún 1950. Ọ̀kan mìíràn dé ọwọ́ H. Maclear Bate, ẹni tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Nigerian Daily Times nígbà náà, láti ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì ti kọjá lọ sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, níbi tí ó wà títí di òní. Ojú ń tì wá díẹ̀ láti kọ gbólóhùn yìí nínú ìwé ìròyìn, nítorí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún aráyé ni ó ra ohun náà. Ṣùgbọ́n ariwo tí ó tẹ̀lé e kò ṣàìso èso: ní ọdún 1943, ìjọba dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ohun àtijọ́, wọ́n fi Kenneth Murray ṣe olórí rẹ̀, ní 1953 òfin jáde lórí rẹ̀, ní 1954 wọ́n sì ṣí mùsíọ̀mù Ifẹ̀. Òfin tí ó wà lónìí ni ti ọdún 1979, èyí tí ó dá Àjọ Mùsíọ̀mù àti Ohun Ìrántí ti Nàìjíríà sílẹ̀. Ó ka á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ, ó sì ka á léèwọ̀ láti gbé e kúrò ní ilẹ̀ yìí láìgba ìwé.

Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó lẹ́bàá ìpìlẹ̀ ilé. Nígbà tí ọmọkùnrin wa gbé ṣọ́bìrì sókè, òfin 1979 kò sí níbẹ̀. Ènìyàn kan ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, ẹni tí yóò na ọwọ́ sókè pé, “Ẹ dúró ná.” Ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a kò ní tó.

Bóyá ẹlòmíràn yóò sọ pé Ifẹ̀ ni Ifẹ̀, kí ni ó wà ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìdó tí a óò tìtorí rẹ̀ kọ́ ènìyàn níṣẹ́? A fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rántí bí ilẹ̀ wa ti rí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Tápà ń ti àríwá wá, Ìlọrin ń bọ̀, Ìbàdàn ń bọ̀, kí Èkìtì Parapọ̀ tó dìde tí ogun Kírìjì fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, tí wọ́n sì fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Àìmọye ìlú ni ó ṣí ní ìpò. Ayédé tí ó wà láàárín Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé jẹ́ ẹ̀rí: ní àárín ọ̀rúndún náà ni Èṣùbíyì, jagunjagun ará Ìyè, kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ àti àwọn tí ogun ti tú ká jọ sí ibi tí ó ṣe é dáàbò bò, ó sì fi ara rẹ̀ jẹ Àtá. Bí ìlú kan bá dìde báyìí, ahoro kan ni ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ògiri amọ̀ wó lulẹ̀, igi akòko àti pèrègún tí ó wà ní ojúbọ ń dàgbà síi, yàrà tí a fi yí ìlú ká ń kún díẹ̀díẹ̀, àpáàdì sì wà káàkiri inú oko. Àwọn ọdẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ tí ọkọ́ wọn ń kan àpáàdì lójoojúmọ́ mọ̀ wọ́n. Oríkì wa kún fún orúkọ wọn. Ìtàn tí a kò kọ sílẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, nítorí àwọn baba wa kò ní ìwé, ilẹ̀ ni ìwé wọn. Nísinsìnyí katapílà ń bọ̀, ó ń la ọ̀nà, ó ń palẹ̀ fún ilé, fún oko ńlá àti fún ilé epo. Àwa kò bá ọ̀nà jà, a kò sì bá ilé jà. A mọ̀ pé ìlú tí kò bá dàgbà yóò kú. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹnì kan kọ́kọ́ ka ìwé náà kí a tó ya á.

Àwọn aládùúgbò wa ti rí ẹni ka tiwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aribidesi Usman ti ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lórí àwọn ahoro ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinwumi Ogundiran ti walẹ̀ ní agbègbè Ìlàrẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ní Òṣogbo. Ní Ọ̀wọ̀, Ekpo Eyo walẹ̀ ní Igbó Làjà láti ọdún 1969 sí 1971, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí a fi mọ̀ pé Ọ̀wọ̀ àtijọ́ ní nǹkan í bá Ifẹ̀ àti Benin pín. Ní Ẹ̀sìẹ́, tí kì í ṣe ọ̀nà jíjìn láti Ìlá, àwọn ère òkúta tí ó lé ní 800 wà tí a kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti fọ́. Ní ọdún 1945 ni a kọ́ ilé lé wọn lórí, ilé náà sì ni mùsíọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ kíyè sí i pé abúlé ni Ẹ̀sìẹ́ nígbà náà, kì í ṣe Èkó.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ kíkọ́ kò ṣàjèjì sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Society of African Missions dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, Fádà Kevin Carroll sì wà lára àwọn tí ó darí rẹ̀. Wọn kò lọ mú olùkọ́ wá láti òkè òkun. Wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ wa, wọ́n mú Bámidélé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bándélé, ọmọ Àrèògún ti Ọ̀sì, wọ́n ní kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, kí ó sì máa kọ́ ọmọdé. Ní nǹkan bí ọdún 1949, ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan láti Ìlá Ọ̀ràngún, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ìdílé agbẹ́gilére, wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Orúkọ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ. Òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní gbọ̀ngán Odùduwà ní yunifásítì Ifẹ̀ ní 1987. Ní 2006 ni a sì kà á mọ́ àwọn tí UNESCO bu ọlá fún gẹ́gẹ́ bí ìṣúra tí ó wà láàyè, kí ó tó dolóògbé ní ọjọ́ Kérésìmesì 2009. Ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ náà kò ju ọdún méje lọ. Ní 1954 ni ó parí. Ọdún méje péré, ní ìlú tí kò ní iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì nígbà náà, ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti jáde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé Èkìtì kò lè kọ́ ènìyàn níṣẹ́ tí ó kan ohun àtijọ́.

Ibẹ̀ náà ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà. Àwa tí a jẹ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A jó àwọn ohun kan ní iwájú ilé ìjọsìn, a sì kọrin lé e lórí. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti gbọ́ láti ẹnu bàbá tiwa bí ó ti gbé ère ibejì ìyá rẹ̀ fún katikíìsì. A kò ní dá àwọn baba wa lẹ́jọ́, nítorí ìgbàgbọ́ wọn jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n kíkó àpáàdì jọ kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Bí àlùfáà ìjọ Kátólíìkì bá lè jókòó ní Ọ̀yẹ́ pẹ̀lú ọmọ Àrèògún àti ọmọ Mùsùlùmí láti Ìlá, tí wọ́n sì jọ ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run, kò sí ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù ba Kristẹni nínú ìkòkò tí erùpẹ̀ kún inú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé wíwalẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó kọ́ ọ dáadáa yóò sọ fún yín pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni láti má ṣe walẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ láìsí ìdàmú lè pẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bá ṣí i sí oòrùn àti òjò ni ìparun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àfi bí a bá mọ bí a ti ń dáàbò bò ó. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni mímọ ibi tí ahoro wà, yíya àwòrán rẹ̀, gígé igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń la ògiri, dídarí àgbàrá kúrò ní ìdí rẹ̀, lílé ikán, àti kíkọ ohun gbogbo sínú ìwé kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ohun tí àìmọ̀ ń ṣe sí àwọn ààfin wa. Olóore kan fẹ́ bu ọlá fún Kábíyèsí, ó ra sìmẹ́ǹtì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri amọ̀ àtijọ́ yíká. Ó mọ́ lójú fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n amọ̀ ń mí. Omi tí ó bá wọ inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́ nítorí sìmẹ́ǹtì, ògiri náà a sì máa rà láti inú, títí sìmẹ́ǹtì yóò fi ṣí ní abala ńlá tí yóò sì mú amọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Olóore mìíràn ra ọ̀dà tí ń dán, ó fi kun òpó tí a gbẹ́ láti ayé àwọn baba ńlá wa, débi pé ojú ọnà náà kò hàn mọ́. Ọkàn rere ni àwọn méjèèjì fi ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà nínú ìlú tí a ti kọ́ níṣẹ́, wọn ìbá fi owó kan náà tún òrùlé àti gọ́tà ṣe, ògiri ìbá sì wà.

Níbo ni a óò ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Àwọn ibùdó kò ṣàìsí. Ní ọdún 1963 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO, tí àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ̀mù láti ilẹ̀ tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ tí ń sọ Faransé fi jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka fún ìmọ̀ yìí láti ọdún 1970. Ní ìlú Benin, ní àwọn ọdún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, kí a tó kọ́ ilé mùsíọ̀mù tuntun kan, a kọ́kọ́ walẹ̀ wo ibi tí a fẹ́ kọ́ ọ sí, àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Nàìjíríà sì kọ́ iṣẹ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ ju kí ọmọ méjì lọ sí Jọ́ọ̀sì kí wọ́n sì wá iṣẹ́ sí Àbújá. Láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, tí apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé. Àwọn ahoro yí wọn ká. A bẹ àwọn ọ̀gá ibẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbà ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú oko, pẹ̀lú àṣẹ Àjọ Mùsíọ̀mù, kí ó má sì jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn nìkan. Kí wọ́n pe ọdẹ, kí wọ́n pe bíríkìlà, kí wọ́n pe olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n pe àwọn obìnrin amọ̀kòkò Ìṣàn, tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi ọwọ́ kan àpáàdì lásán wọ́n lè sọ bí a ti mọ ọ́n àti bí a ti sun ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó ni ó mọ èyí? Àwọn náà yóò kọ́, wọn yóò sì kọ́ni.

Ní ti owó, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. A wà níbi àpèjẹ ọdún ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Èkó, aṣọ tí a jọ rà ní ọjọ́ náà tó láti rán ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé ẹ̀kọ́. (Àwa pẹ̀lú wọ tiwa, ó sì bá wa mu.) Bí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan bá lè yọ apá kékeré nínú rẹ̀, kí wọ́n fi kọ́ ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan, kí wọ́n sì bá wọn ṣe àdéhùn pé wọn yóò padà wá sìn ní agbègbè fún iye ọdún kan, a kò ní dúró de ìjọba. Kí ìgbìmọ̀ ọba pẹ̀lú ní ìwé kan ní ààfin, tí a óò kọ orúkọ ahoro kọ̀ọ̀kan sí, ojú ọ̀nà tí a ń gbà débẹ̀, ìdílé tí ó ni ín, àti àgbà tí ó mọ ìtàn rẹ̀. Kí agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan tí yóò la ọ̀nà tàbí palẹ̀ kọ́kọ́ yẹ ìwé náà wò. Èyí kò gba owó, àyàfi ti ìwé àti ti gègé.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ó níye lórí, olè ni a ń kọ́. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí, a kò ní fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ra ohun àtijọ́ ní bòókẹ́lẹ́ ti mọ ọ̀nà ìlú wa kí àwa tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá, àwa ni a kò mọ ohun tí a ń tà. Ohun tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí a kò ya àwòrán rẹ̀, bí ó bá sọnù, báwo ni a óò ti ṣe bèèrè rẹ̀? Ìbẹ̀rù kejì ni ti onílẹ̀, pé bí a bá rí nǹkan nínú ilẹ̀ òun, ìjọba yóò gbà á. Èyí ni a rò pé ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn yára da sìmẹ́ǹtì bò ó. Àwọn aláṣẹ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní gbangba, ní èdè tí onílẹ̀ gbọ́, kí ó lè mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí a bá sì kó ohun kan kúrò ní ìlú lọ sí mùsíọ̀mù, kí a fún ìlú ní ìwé ẹ̀rí, kí a sì dá ìròyìn ohun tí a rí padà fún wọn ní èdè Yorùbá. Èkìtì kò tíì gbàgbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí ó lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924. Àga òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà ní British Museum.

A bẹ gbogbo ẹni tí ó bá mọ ahoro kan ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó, Mọ̀bà tàbí Ìlẹ́jẹ̀mẹ́jẹ̀ pé kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ àgbà tí ó mọ ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nípasẹ̀ olóòtú. A kò ní tẹ ibi tí ó wà jáde nínú ìwé ìròyìn, nítorí ìdí tí ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n a óò kó wọn jọ, a óò sì fi lé ọwọ́ àwọn tí ó tọ́ sí. Ní tiwa, a ṣa àpáàdì mẹ́ta láti ẹ̀bá ìpìlẹ̀ yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. A fi ìwé wé wọn, a kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti rí wọn sí i lára, wọ́n sì wà nínú àpótí tábìlì wa títí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n kà yóò fi dé. A tún ránṣẹ́ béèrè bàbá tí ó jókòó lábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n ní ó ṣì wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò sì lè rìn dé ẹ̀yìn ìlú bí kò ṣe pé ẹnì kan di ọ̀pá rẹ̀ mú.